Iṣan Wo Ni? Ìpalára Tí Iṣẹ́ Abẹ Ẹnu-Ọ̀nà Àyà Lè Ṣe fún Iṣan Ìmọ̀lára

Láàárín ọrùn àti èjìká, lábẹ́ eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú òkè àyà, àlàfo tóóró kan wà tí ohun gbogbo tí apá fi ń ṣiṣẹ́ ń gbà kọjá. Eegun ìhà àkọ́kọ́ ni ilẹ̀ àlàfo náà, eegun òkè àyà ni òrùlé rẹ̀, àwọn iṣan líle tó so eegun ọrùn mọ́ ìhà sì dúró bí ògiri. Òpójẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá ń gba ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ìdì iṣan ìmọ̀lára kan tí gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, tó ti inú ọ̀pá ẹ̀yìn jáde, ń bá wọn gba ọ̀nà kan náà. Ibẹ̀ lè fún jù nítorí pé wọ́n bí ènìyàn mọ́ eegun ìhà àfikún ní ọrùn, tàbí nítorí ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí nítorí iṣẹ́ tí ń múni gbé apá sókè láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nígbà náà ni apá á máa ro, tí ọwọ́ á máa ṣe pàjápàjá, pàápàá ní ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e, tí agbára á sì máa tán nínú ọwọ́. Àìsàn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní thoracic outlet syndrome. Àrùn ẹnu-ọ̀nà àyà ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ní in, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé iṣan ìmọ̀lára ni ó ń fún. Ti òpójẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" ti jẹyọ fún ohun méjì tó yàtọ̀ síra nínú àlàyé òkè yìí. Nínú Yorùbá ojoojúmọ́, ẹni tó ní "iṣan ń fà mí" ń sọ nípa ohun tó ń fa eegun. Ẹni tó ní "nọ́ọ̀sì kò rí iṣan mi" ń sọ nípa òpójẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ fún pé iṣan rẹ̀ ti kú, ó lè jẹ́ iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n ní lọ́kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, àyíká gbólóhùn a máa fi èyí tí a ń sọ hàn, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́. Nínú iṣẹ́ abẹ ẹnu-ọ̀nà àyà, àyíká kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ wà lójú kan. Ọ̀kan wà tí dókítà mọ̀ọ́mọ̀ ń gé, ọ̀kan wà tó gbọ́dọ̀ yẹra fún kí ẹ̀jẹ̀ má baà tú, ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé bí ọ̀bẹ bá kàn án, ọwọ́ lè má padà sí bó ṣe wà títí ayé. Aláìsàn tí wọ́n kàn sọ fún pé "wọ́n máa gé iṣan lọ́rùn yín" kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí.

Àìsàn náà ní ẹkùn Bowie

Ìlú Bowie, ní Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland, wà láàárín Washington, Baltimore àti Annapolis. Àwọn ìdílé Yorùbá pọ̀ ní ìlú náà àti ní àyíká rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó, àwọn mìíràn ń dirun, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ èjìká ni gbígbé aláìsàn dìde àti dídi irun fún wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n àwọn eléré ìdárayá ló jẹ́ kí orúkọ àìsàn yìí di mímọ̀ ní ẹkùn náà.

A bí Markelle Fultz ní 1998 ní Upper Marlboro, ìlú tí kò jìnnà sí Bowie nínú county kan náà, ó sì lọ sí DeMatha Catholic High School ní Hyattsville. Ní 2017, òun ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Philadelphia 76ers mú ṣáájú gbogbo akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láìpẹ́, bó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òǹwòran sọ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ní oṣù Kejìlá 2018, àwọn oníṣègùn sọ pé àrùn ẹnu-ọ̀nà àyà ni, ti iṣan ìmọ̀lára. Fisiotẹ́rápì ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì padà sórí pápá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Orlando Magic ní 2019. Ọ̀nà tí wọ́n tọ́ yìí ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ tọ̀.

Ti Stephen Strasburg, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Washington Nationals, gba ibòmíràn. Òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tayọ jù nínú ìdíje àṣekágbá 2019. Ní oṣù Keje 2021, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ eegun ìhà kan àti iṣan ọrùn méjì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje ńlá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà 2022, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2024. Ní 2023, ìròyìn jáde pé iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ ti bàjẹ́ gidigidi. Ìròyìn náà kò ya èyí tí àìsàn fà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn, kò sì yẹ kí òǹkàwé bá a yà á. Iṣan tí wọ́n ń fẹ́ gbà là ti ń ṣàìsàn kí ọ̀bẹ tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò agbára ọwọ́ àti ti iná mànàmáná inú iṣan fi ṣe pàtàkì ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, bí ọwọ́ bá kú lẹ́yìn náà, kò ní sí ohun tí wọ́n lè fi í wé.

Ohun tí ọ̀bẹ ń bá pàdé

Iṣẹ́ abẹ yìí ti pẹ́ ju orúkọ tí àìsàn náà ń jẹ́ lónìí lọ. Coote yọ eegun ìhà àfikún ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1861. Halsted, àgbà oníṣẹ́ abẹ ti Johns Hopkins ní Baltimore, kọ̀wé ní 1916 nípa bí òpójẹ̀ ṣe ń wú lẹ́yìn ibi tí irú eegun bẹ́ẹ̀ bá ti fún un. Adson àti Coffey gé iṣan iwájú ọrùn ní 1927 láìyọ eegun. Peet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló lo orúkọ thoracic outlet syndrome ní 1956, Roos sì ṣàlàyé ní 1966 bí a ṣe lè gba abíyá wọlé yọ ìhà àkọ́kọ́. Títí di òní, àwọn kan ń gba abíyá, àwọn kan ń gba òkè eegun àyà. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní iṣan tirẹ̀ tó fi sínú ewu.

Ewu tó wúwo jù ni ti ìdì iṣan apá fúnra rẹ̀. Nínú gbòǹgbò rẹ̀ márùn-ún, èyí tó wà nísàlẹ̀ jù ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdí eegun ìhà àkọ́kọ́ kọjá, nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni dókítà gbọ́dọ̀ dé kí ó tó gé ẹ̀yìn eegun náà. Bí ó bá ṣẹ́ kù tó gùn jù, kùkùté eegun àti àpá tó yí i ká lè tún máa fún iṣan, kí àìsàn padà dé, kí wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Bí ó bá sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn jù, irin tí ń gé eegun lè kan gbòǹgbò náà. Kò sí ọ̀nà àbáyọ pátápátá nínú ìṣòro yìí. Ojú àti ìrírí oníṣẹ́ abẹ ló kù. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí àpá ti so iṣan, òpójẹ̀ àti eegun pọ̀ tí a kò fi tètè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Fífà náà ń ṣe ìpalára. Ẹni tó bá gba abíyá wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ gbé apá aláìsàn sókè kí àlàfo lè ṣí. Bí apá bá pẹ́ jù lókè, tàbí tí wọ́n fà á jù, ìdì iṣan á nà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ kò tíì kàn án rárá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ apá kalẹ̀ lóòrèkóòrè kí ó sinmi. Ní 1988, Wilbourn, onímọ̀ nípa iṣan ìmọ̀lára ní Cleveland, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tí ìdì iṣan apá wọn bàjẹ́ gidi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí. Àwọn tó gbàgbọ́ pé wọ́n ń ṣe é jù ní àkókò náà kò gbàgbé ìwé yẹn.

Àwọn iṣan kéékèèké wà lẹ́yìn èyí. Èyí tó ń pàṣẹ fún iṣan pẹrẹsẹ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn, tí a fi ń mí, sùn lé iṣan iwájú ọrùn lórí. Ẹni tó bá gba òkè wọlé gbọ́dọ̀ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó gé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kú, ìdajì àyà kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, ẹni náà á sì máa mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ lè fara dà á lápá kan. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lápá méjèèjì, ẹ̀mí lè wọ inú ewu, ìdí sì nìyí tí wọn kì í fi í ṣe apá méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ṣáájú apá kejì, àwòrán àyà gbọ́dọ̀ fi hàn pé apá àkọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹbí má gbàgbé nìyí, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣe apá kìíní.

Iṣan gígùn kan tó gba inú iṣan àárín ọrùn kọjá ló ń di eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká mú mọ́ igbá-àyà. Bí ó bá fara pa, eegun náà á yọ síta bí ìyẹ́ nígbà tí aláìsàn bá fi ọwọ́ ti ògiri, kò sì ní lè gbé apá kọjá orí. Ìyá tó ń dirun fún owó ilé yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó ń gba abíyá lọ sí inú apá lókè kì í pa ènìyàn lára púpọ̀. Ojú ibẹ̀ á kàn kú, aṣọ á máa kàn án bíi pé ara ẹlòmíràn ni. Ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn ọ̀nà abíyá, ó sì yẹ kí a sọ fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ kí ó má baà rò pé gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìpénpéjú lápá ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ á wálẹ̀, ẹyinjú dúdú á kéré, òógùn á dá lójú lápá ibẹ̀. Ẹbí tó bá rí ojú tó rẹ̀ wálẹ̀ tí ọwọ́ náà kò sì gbéra lè kígbe pé rọpárọsẹ̀ ni. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀ ló tọ́, nítorí ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọpọlọ ni ti rọpárọsẹ̀ tó dé lójijì ti ń wá, nígbà tí ti èyí wá láti ojú ọgbẹ́ ní ìdí ọrùn.

Ìwọ̀n ìpalára àti ìwọ̀n àkókò

Seddon, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín ìpalára iṣan ìmọ̀lára sí ọ̀nà mẹ́ta ní 1943, ìpín náà sì ṣì wúlò. Kí a ro okùn kan tó ní fọ́nrán púpọ̀ nínú àti awọ lóde. Ní ìpele kìíní, wọ́n tẹ okùn náà mọ́lẹ̀. Fọ́nrán kò já, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò gba inú rẹ̀ kọjá fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà. Ní ìpele kejì, fọ́nrán inú já, awọ òde ṣì wà, fọ́nrán tuntun sì lè tọ inú awọ yẹn hù lọ. Ní ìpele kẹta, okùn já pátápátá. Kò ní dára fúnra rẹ̀ àfi tí wọ́n bá rán an, tàbí tí wọ́n bá fi iṣan tí wọ́n yọ láti ibòmíràn, bíi ẹsẹ̀, dí àlàfo rẹ̀.

Fọ́nrán tuntun ń hù ní nǹkan bí mìlímítà kan lóòjọ́. Láti ìdí ọrùn àgbàlagbà dé àwọn iṣan kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ lè tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ẹgbẹ̀ta mìlímítà, ẹgbẹ̀ta ọjọ́, oṣù tó tó ogún. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan tí kò rí àṣẹ gbà fún nǹkan bí oṣù méjìlá sí méjìdínlógún ń di ohun tí a kò lè jí mọ́. Gbòǹgbò ìsàlẹ̀ tí irin sábà máa ń sún mọ́ ni ó sì ń darí ọwọ́: dídi nǹkan mú, yíyí kọ́kọ́rọ́, dídé bọ́tìnnì. Èyí tó sún mọ́ ewu jù ni ọ̀nà rẹ̀ jìn jù. Èjìká lè padà nígbà tí ọwọ́ kò ní padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ìpalára wọn dọ́gba.

Nítorí náà, dídúró láìṣe ohunkóhun ní òpin. Bí ọwọ́ bá kú lẹ́yìn tí oògùn tó ń pa ìmọ̀lára ti lọ kúrò lára, ó yẹ kí dókítà mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá dá wọn lójú pé wọ́n gé iṣan, kí wọ́n tún un ṣe láìpẹ́. Bí kò bá dá wọn lójú, àyẹ̀wò iná mànàmáná inú iṣan á ṣàlàyé púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí pé ṣáájú ìgbà yẹn fọ́nrán tó já lè ṣì máa dáhùn bí alààyè. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí ìyípadà, ó yẹ kí aláìsàn ti wà níwájú oníṣẹ́ abẹ iṣan ìmọ̀lára. Ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé "ẹ ní sùúrù" títí ọdún fi yípo ti pàdánù àkókò tí kò ṣeé rà padà.

Báwo ni ó ṣe wọ́pọ̀ tó? Chang, Freischlag àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Johns Hopkins tẹ ìwádìí jáde ní 2007 láti inú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn káàkiri Amẹ́ríkà. Kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ ìpalára ìdì iṣan apá sílẹ̀ fún. Èyí jẹ́ ìròyìn rere, ṣùgbọ́n àkókò tí aláìsàn ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn nìkan ni ó kà, bẹ́ẹ̀ ìyẹ́ èjìká tàbí ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí mú dáadáa lè má hàn kedere kí wọ́n tó dá a padà sílé. Ìwádìí Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2000 wo àwọn òṣìṣẹ́ tó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Washington, èyí tó wà ní etí òkun Pàsífíìkì, kì í ṣe olú-ìlú. Ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò tíì lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ìpalára iṣan ló fa gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ó fi hàn pé "iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa" àti "ọwọ́ mi ti dára" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì.

Sísọ ewu ní Yorùbá

Òfin ìlera Amẹ́ríkà ti 2010, ní ẹsẹ̀ rẹ̀ 1557, kò gba ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ láyè láti ní kí aláìsàn mú ògbufọ̀ tirẹ̀ wá, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ àfi nínú pàjáwìrì. Síbẹ̀, ọmọ tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ń mú dání, òun ni yóò sì wá "iṣan" nínú orí rẹ̀ fún ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èdè náà kò ṣaláìní. Ó kàn yẹ kí a so iṣan mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe: iṣan tí ń fa eegun, iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ tàbí òpójẹ̀, àti iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ. Ìlànà mẹ́ta yìí dára ju "iṣan ìmọ̀lára" lásán lọ, bí àpilẹ̀kọ yìí tilẹ̀ ń lò ó nítorí pé ó kúrú. Ìmọ̀lára nìkan ni orúkọ yẹn dá. Ẹni tó gbọ́ ọ lè rò pé bí irú iṣan bẹ́ẹ̀ bá fara pa, ara á kàn kú ni, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó ń pàṣẹ mímí àti èyí tó ń di eegun èjìká mú kì í fi ara kíkú hàn. Agbára ni wọ́n ń mú lọ. Fún àgbàlagbà obìnrin kan, gbólóhùn náà lè rí báyìí: "Mọ́mì, iṣan líle tó so ọrùn yín mọ́ eegun ìhà ni wọ́n máa gé, wọ́n á sì yọ eegun náà. Àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ lọ sí ọwọ́ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ò ní gé ìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè fara pa."

Ìṣòro kejì le ju ti ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tó fi ojú ko ìyá rẹ̀ tó ní "ọwọ́ yín lè rọ" ti sọ ohun tí etí àgbà kì í fẹ́ gbọ́. "Ọlọ́run ò ní jẹ́" ni yóò bá a pàdé, ìjíròrò á sì parí síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń yẹra fún èyí nípa sísọ pé "kò ní sí wàhálà," dókítà á sì rò pé ìyá ti gbọ́. Ọ̀nà tó wà nínú èdè ni kí a gbé ewu náà lé ẹlòmíràn lórí kí a sì fi àdúrà ṣáájú: "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan rí pé ọwọ́ wọn kò lágbára mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Dókítà fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i." Àdúrà náà kò dín ewu kù nínú ọ̀rọ̀, ó kàn jẹ́ kí ó ṣeé gbọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí iṣan bá ń hù padà, bí dókítà bá fi ìka kan ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, pàjápàjá á sáré gba inú apá lọ sí ọwọ́. Tinel ní ilẹ̀ Faransé àti Hoffmann ní Jámánì ṣàpèjúwe èyí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1915, nígbà tí orílẹ̀-èdè wọn ń bá ara wọn jagun. Aláìsàn tó gbọ́ "pàjápàjá" á rò pé àìsàn ti padà. Ohun tó yẹ kí a bi í ni ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀: bí ó bá jẹ́ pé ní abíyá ni ó wà lóṣù tó kọjá, tí ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abíyá lóṣù yìí, fọ́nrán ń rìn. Bí ó bá dúró sójú kan fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ.